Ẹgbẹ̀ta Fọ́nrán Òwú Ìyá Fàtímọ̀

Ní ọdún 1982, ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ilé Àmúdà olóògbé kọjá ní Ìséyìn, láàárín ìrun Alásàrí sí Mọ̀ngàríbì, yóò bá obìnrin kan tó ń rìn lọ tó ń rìn bọ̀ láàárín èèkàn méjì. Kò gbé nǹkan kan lérí, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́ àfi fọ́nrán òwú kan ṣoṣo. Bó bá dé èèkàn ọ̀hún, á yípo, á padà síbi tó ti gbéra, á ti ọwọ́ bọ ìkòkò ẹlẹ́nu tóóró kan, á yọ hóró ẹ̀wà kan, á wò ó, á dá a padà, á mi ìkòkò náà, á ta kókó kan sí òwú ọwọ́ rẹ̀, á tún gbéra. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ṣe bí orí rẹ̀ ti dàrú ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n pàápàá á rọra kí i, á sì kọjá, nítorí ojú obìnrin náà kì í sí nílé lásìkò yẹn.

Àwáwù lorúkọ rẹ̀, opó Àmúdà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Fàtímọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ wèrè rárá. Òwú ló ń ta fún àwọn ahunṣọ. Kí òwú tó gun orí òfì, ẹnì kan ní láti fà á lọ fà á bọ̀ lára èèkàn títí fọ́nrán rẹ̀ yóò fi pé iye tí aṣọ náà ń fẹ́. Kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Bí ẹyọ kan bá ṣìnà, ọnà aṣọ á wọ́, ahunṣọ á sì máa bínú láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá Fàtímọ̀ kò mọ̀wé, kì í to òkúta jọ, kì í fi ẹfun ṣàmì sára ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń kà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, a ò sì gbọ́ ọ rí pé ó ṣì í kà. Ládòkun, àgbà ahunṣọ tí òwú rẹ̀ pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀, a máa sọ pé bí Ìyá Fàtímọ̀ bá ti ní òwú pé, ẹni tó bá tún un kà kò níṣẹ́ ṣe ni. Òun fúnra rẹ̀ kì í kà á. Wọ́n ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ní ti obìnrin yìí, orúkọ yẹn nìkan náà ló ní. Ilé tó ń gbé, ti ọkọ ni. Fàtímọ̀ ọmọ rẹ̀ sì ti wà nílé ọkọ ní Ṣakí.

Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tó ń fi ẹ̀wà rìn nírọ̀lẹ́, Tíṣà ló fà á. Olúwaṣọlá ni wọ́n sọ ọkùnrin náà, ọmọ Ìgànná, onígbàgbọ́, ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní sáyẹ́ǹsì. Yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ló háyà nílé Àmúdà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àbùkù rẹ̀ kò ju pé yóò gbé ìrẹsì kaná, yóò sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí èéfín yóò fi gba ilé kan. Àìmọye ìgbà ni Ìyá Fàtímọ̀ ti bá a sọ ìkòkò kalẹ̀. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ tíṣà, ó ń kọ ìwé ìwádìí kan fún yunifásítì kan lọ́nà jíjìn, ìwé tí yóò sọ ọ́ di dókítà, kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tó lè bá a ṣe ìṣirò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ń tò sí, ọjọ́ kan lóṣù ló sì ń kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún un láti parí ìwé ti ń sún mọ́lé. Ló bá pinnu pé ọwọ́ lòun ó fi ṣe é.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹta, Ìyá Fàtímọ̀ bá a lórí ìjókòó, ó ti sùn lọ, pẹ́ńsù wà létí rẹ̀, ẹ̀wà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jí i. Ó bi í bóyá ẹ̀wà tútù ló kàn tó fẹ́ máa jẹ. Ojú ti Tíṣà, ó sì ṣàlàyé.

Òjò àkọ́rọ̀ ń ṣú bọ̀ lọ́jọ́ náà. Kí òjò Òkè-Ògùn tó dé, ìjì rẹ̀ ló ń ṣáájú, tí eruku pupa á dìde bí ògiri láti ìhà ìlà-oòrùn, tí á máa bọ̀ lórí pápá. Tíṣà nàka sí ògiri eruku yẹn. Ó ní ìràwọ̀ ńlá kì í kú jẹ́jẹ́, bíbú ló ń bú, èémí rẹ̀ á sì tú jáde sí gbogbo ìhà, ìjì á máa ṣáájú èémí náà báyìí gẹ́lẹ́, fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Ó ní àwọn hóró kan wà lójú ọ̀nà ìjì yẹn, wọ́n kéré débi tí orí abẹ́rẹ́ jẹ́ ìlú ńlá fún wọn, ohun tí mànàmáná fi ń kọ ló sì wà nínú wọn. Òòfà gba gbogbo ibẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n rìn tààrà. Wọ́n á la ojú ìjì kọjá, òòfà á dá wọn padà, wọ́n á tún là á kọjá. Nígbàkígbà tí hóró kan bá lọ tó sì bọ̀, ìjì á fún un ní èènì, ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tó ti ní tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá lọ tó bọ̀ títí, eré rẹ̀ á di àrà. Bí òòfà bá sì ti ń fi ipá yí i, ìmọ́lẹ̀ á máa ta lára rẹ̀, bí omi ṣe ń ta lára aṣọ tútù tí a bá ń fì. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Òmíràn ojú lè rí i, òmíràn àfi rédíò ńlá ló lè gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mọ iye hóró tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹwàá, nígbà ogún, kí ó lè ṣírò irú ìmọ́lẹ̀ tí yóò ti ara wọn jáde. Kò sẹ́ni tó lè fojú rí wọn, nítorí náà ó fi ẹ̀wà ṣe àpẹẹrẹ wọn. Àádọ́rùn-ún funfun, mẹ́wàá pupa, nínú ìkòkò kan. Bí hóró bá ti gbéra, ó máa yọ ẹ̀wà kan láti mọ̀ bóyá ó padà wá. Bó bá jẹ́ funfun, hóró náà padà wá, kí ó tún lọ. Bó bá jẹ́ pupa, ìjì ti gbé e lọ.

Ìyá Fàtímọ̀ bi í pé àwọn tí ìjì bá gbé lọ, níbo ni wọ́n ń lọ. Tíṣà ní ẹ̀yìn ìjì ni, a kì í rí wọn mọ́. Obìnrin náà ń wo ògiri eruku náà títí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ fi kán sí páànù. Ó wá ní lílọ àti bíbọ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun lójú òun, kí ó gbé ìkòkò náà fún òun, òun á bá a rìn ín. Tíṣà ní kò di dandan kó rìn, ó lè jókòó máa yọ ẹ̀wà. Ìyá Fàtímọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó jókòó kì í mọ ohun tó ń kà. Báyìí ni wọ́n ṣe fẹnu kò sí i pé fọ́nrán òwú kan yóò dúró fún hóró kan, kókó kan yóò sì dúró fún ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò kọ́kọ́ rí nǹkan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ládòkun ní Ìyá Fàtímọ̀ ti ń ta òwú fún àwọn ará ọ̀run, ó ní kí wọ́n bá òun bi wọ́n léèrè irú àwọ̀ tí wọ́n ń fẹ́. Lọ́jọ́ kan, adìyẹ Àpọ́nlé, ìyàwó ilé kejì, ki ẹnu bọ ìkòkò, ó ṣa ẹ̀wà pupa mẹ́ta jẹ. Tíṣà pariwo bí ẹni tí wọ́n jí lówó. Wọ́n tún ẹ̀wà kà, wọ́n wá ìdérí sí ìkòkò, ìrìn sì ń bá a lọ.

Ẹ má bi mí bí obìnrin tí kò mọ̀wé ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ yé. Ó yé e ju bó ṣe yé àwọn ọmọ girama lọ. Bó bá ti rìn bíi ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀yìnkùlé á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lójú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí oòrùn bá rọlẹ̀, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn kùrukùru bí ọsàn tí a fi aṣọ bò, kò ní mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí mọ́. Ìjì ń bẹ níwájú rẹ̀. Ó ń la ìjì náà kọjá, ara rẹ̀ ń fúyẹ́, nǹkan kan rọra dá a padà, kò bá a jà. Ó ń gba èènì. Ó rí ìràwọ̀ náà bí èso òwú tó là lóko, tó ń là, tó ń là, tí ẹgbẹ̀rún ọdún kò tó o láti là tán, tí funfun rẹ̀ ń tú sínú òkùnkùn. Ìgbà mìíràn wà tí á máa rí ara rẹ̀ bí ẹni tó ń tan ìmọ́lẹ̀, ní etí aṣọ, ní orí ìka. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ á kan ẹ̀wà pupa. Á jókòó sílẹ̀, ẹ̀yìnkùlé á padà wá sípò rẹ̀, pẹ̀lú ewúrẹ́ àti òórùn èéfín. Inú rẹ̀ á dùn, á sì bà jẹ́ díẹ̀.

Hóró kan wà tó kọ̀ tí kò lọ. Ọjọ́ Ẹtì ni, nínú oṣù Kẹwàá. Ó rìn ogún, ó rìn ọgbọ̀n, funfun ni. Ó rìn àádọ́ta. Àpọ́nlé tó ń ti ibi kànga bọ̀ gbé garawa kalẹ̀, ó dúró wò ó, àwọn obìnrin mìíràn dúró tì í. Tíṣà jáde, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí ó di ọgọ́ta ó lé mẹ́rin, tí wọ́n ń pe ìrun, pupa jáde. Ìyá Fàtímọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ lásán, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́. Wọ́n so fọ́nrán yẹn kọ́ sí ọ̀tọ̀ lára àjà.

Nígbà tí oṣù Kìíní ọdún 1983 fi máa parí, fọ́nrán ti pé ẹgbẹ̀ta. Tíṣà ṣírò rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ Ìyá Fàtímọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rin ọ̀nà Ìséyìn sí Ṣakí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín èèkàn méjì. Ó ka kókó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó tò ó sórí pépà gíráàfù. Ìlà náà gún régé, ó da gẹ̀rẹ́ wálẹ̀ bó ṣe yẹ kó dà. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọ mọ́tò lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì.

Ọ̀gá náà wò ó fún ìgbà pípẹ́. Kò pariwo. Ó ní nínú mẹ́wàá, ọ̀kan ni ìjì ń gbé lọ, àbí? Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní nígbà náà, nínú ẹgbẹ̀ta hóró, ó yẹ kí bí ọgọ́ta wà tí ìjì gbé lọ ní ìgbà àkọ́kọ́ gan-an, tí wọn kò padà wá rárá, tí òwú wọn kò ní kókó kankan. Òwú tí kò ní kókó dà? Tíṣà wo ìwé rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan. Ọ̀gá náà bi í pé ṣé ilé ló jókòó sí tó ń hùmọ̀ nọ́ńbà. Ó fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó wá ṣàlàyé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó gbàgbé ìwé náà.

Ẹnu Tíṣà korò nígbà tó dé Ìséyìn. Ó bá Ìyá Fàtímọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, Ládòkun wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó wá gba òwú. Ó yẹ kí Tíṣà dúró kí àgbà lọ tán. Kò dúró.

Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣì í kà. Gbogbo ẹ̀ pátá lẹ ṣì kà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ládòkun wo òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kí wọn pé ó dàárọ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó padà wá gba òwú mìíràn, ó tú u sílẹ̀ níwájú Ìyá Fàtímọ̀, ó sì kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òwú náà pé. Ṣùgbọ́n ó ti kà á. Ràmọ́nì, ahunṣọ kejì, kò tiẹ̀ wá mọ́, ó gbé òwú tirẹ̀ lọ fún obìnrin mìíràn. Kí ọjà tún tó ná, àwọn mẹ́ta ti lọ. Ìyá Fàtímọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ń rìn létí ògiri bí ẹni tó fẹ́ kí ògiri gba òun mọ́ra ni, ìtìjú náà sì dùn ún dé egungun. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ orúkọ yẹn, gbólóhùn kan ló wó o.

Tíṣà rí gbogbo rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é, inú sì tún ń bí i, torí kò mọ ohun tí yóò sọ fọ́gàá rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kù, ó bẹ Ìyá Fàtímọ̀ pé kí ó rin hóró kan ṣoṣo lójú òun. Oòrùn ṣì wà lókè díẹ̀. Ìyá Fàtímọ̀ mú òwú, ó dúró ti èèkàn. Kí ó tó gbé ẹsẹ̀, ó ta kókó kan. Ó lọ, ó bọ̀, ó ti ọwọ́ bọ ìkòkò. Ẹ̀wà pupa ló yọ. Ó na òwú náà sí Tíṣà.

Tíṣà ní, "Ìyá, èyí ò padà wá rárá. Kí ni kókó yìí ń ṣe níbẹ̀?"

Ìyá Fàtímọ̀ wò ó bí ẹni pé Tíṣà gan-an ni kò mọ nǹkan kan. Ó bi í pé bí ọjà bá ná lónìí, ọjọ́ mélòó ló máa tún ná. Tíṣà ní ọjọ́ márùn-ún. Ìyá Fàtímọ̀ ní kí ó kà á. Tíṣà kà á lórí ìka, ó fi òní ṣe àtàǹpàkò, ìka ọwọ́ kan pé. Ó ṣe é tán kí ó tó mọ ohun tó ṣe. Bí wọ́n ṣe ń kà á ní Ìgànná nìyẹn, bí ìyá tirẹ̀ ṣe ń kà á nìyẹn, ibi téèyàn dúró sí ni ìkíní. Ó ti fi irú kíkà yẹn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé láti ọjọ́ tó ti di ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sì wá sọ́kàn rẹ̀ pé ẹlòmíràn ṣì ń lò ó. Ó rọra ṣàlàyé pé nínú ìwé tòun, òdo ni wọ́n ń kọ fún hóró tí kò padà wá.

Ìyá Fàtímọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu. Òdo. Ó fi òwú náà wé ìka, ó tú u, ó tún un wé.

"Bó bá jẹ́ òdo," ó ní, "ta ló wá lọ?"

Ìyá Fàtímọ̀ jókòó sórí àpótí, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún tó ti pẹ́. Kí Fàtímọ̀ tó dé, ọmọkùnrin kan ti ṣáájú rẹ̀. Ó dé lọ́jọ́ Ajé, ó lọ lọ́jọ́ Ẹtì, àgbò ìkómọ ṣì wà lórí ìso. Nítorí pé wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ, àwọn àgbà ilé ní kí ó má kà á kún ọmọ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló dára jù fún un, wọn kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Nígbà tí Fàtímọ̀ dé, wọ́n pè é ní àkọ́bí, wọ́n ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Fàtímọ̀, òun náà sì ń dáhùn. Kò ṣàròyé rí. Ṣùgbọ́n ó ti gbé ọmọ yẹn mọ́ra, ọmọ náà ti wo ojú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ń ka ohunkóhun tó ń lọ, kì í lè gbé ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ka ẹni tó dúró.

Kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Tíṣà ló ń nu ojú.

Nígbà tó ṣe, Tíṣà dìde lọ gbé pépà gíráàfù rẹ̀ wá, ó tẹ́ ẹ sórí àpótí níwájú Ìyá Fàtímọ̀. Ó ní kò sí wàhálà mọ́, òun á yọ ọ̀kan kúrò lára gbogbo wọn, àwọn tí wọ́n ní ọ̀kan á di òdo, ọ̀gá òun á rí àwọn ọgọ́ta tó ń wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́. Bó ti ń to àmì tuntun, ó ń rí i pé gbogbo rẹ̀ jọ ń sún wá sí apá òsì ni, ìṣísẹ̀ kan náà fún gbogbo wọn, ìlà náà kò sì yí dídà rẹ̀ padà rárá. Ìdí kò ṣòro. Ìjì kì í bèèrè lọ́wọ́ hóró pé ibo lo ti bẹ̀rẹ̀. Ìdá tó ń gbé lọ nínú àwọn tó kù kò yí padà, ìdá èènì kò yí padà. Dídà ìlà yẹn ló sì ń sọ irú ìmọ́lẹ̀ tí yóò jáde. Iṣẹ́ oṣù mẹ́wàá kò bàjẹ́. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá Fàtímọ̀.

Ìyá Fàtímọ̀ fi ìka tọ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bó ṣe ń tọ etí aṣọ.

"Bí mo bá tú kókó kan kúrò lára gbogbo wọn, ọnà rẹ̀ ò ní yí padà?"

"Kò ní yí padà, Ìyá."

"Kí lo wá fẹ́ tú u fún?"

Tíṣà gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó lọ sílé ìwé, ó lọ sí abẹ́ àtíbàbà àwọn ahunṣọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ládòkun níwájú gbogbo wọn nínú aṣọ funfun tó wọ̀. Ó ní òun ló ṣì í kà, Ìyá Fàtímọ̀ kò ṣì í kà, òun sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun tún orúkọ náà ṣe. Ládòkun wò ó, ó ní kó dìde kí eruku má bà á láṣọ jẹ́. Lọ́jọ́ ọjà, ó gbé òwú wá fúnra rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù lọ lọ́dún náà. Nígbà tó sì padà wá gbà á, ó rọ́ ọ sábẹ́ apá láì wò ó, ó bi Ìyá Fàtímọ̀ bóyá àwọn ará ọ̀run ti sọ àwọ̀ tí wọ́n ń fẹ́. Ìyá Fàtímọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Kò pẹ́ tí Ràmọ́nì náà fi yọjú, pẹ̀lú òwú lábẹ́ apá àti ojú tó ń wo ilẹ̀.

Ọ̀gá yunifásítì gbọ́ àlàyé, ó fi ọ̀nà tirẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó ní ó dáa, kí ó tún tábìlì náà kọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é. Tíṣà, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kò ja ẹnikẹ́ni níyàn rí, ní rárá. Ó ní orí ọ̀kan ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, òun á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé a ka ìgbéra mọ́ ọn. Ọ̀gá náà gbọn orí, ó sì buwọ́ lù ú.

Ìwé náà jáde nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, èèpo rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ wúrà. Tíṣà gbé e wá sí ẹ̀yìnkùlé nírọ̀lẹ́, oòrùn ti pọ́n lẹ́yìn kùrukùru. Ó ṣí i sí ojú ewé kan, ó di ìka Ìyá Fàtímọ̀ mú, ó gbé e lé orí ìlà kìíní nínú tábìlì. Ó ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni ọ̀kan, ohun tó sì wà níwájú rẹ̀ ni méjìdínlọ́gọ́ta. Ìyá Fàtímọ̀ bi í bóyá àwọn wọ̀nyẹn ni. Ó ní àwọn ni. Ó ní àwọn tí wọ́n gbéra tí wọn ò padà wá ni, àwọn ló sì ṣáájú gbogbo wọn nínú ìwé. Ìyá Fàtímọ̀ fi ìka síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi pa.

Ní oṣù kejì lẹ́yìn náà, Fàtímọ̀ bímọ ní Ṣakí. Ìyá rẹ̀ wọ mọ́tò lọ síbi ìkómọ. Nígbà tí àfáà ṣàdúà tán, ìyá ọkọ Fàtímọ̀ dìde kí àwọn èèyàn, ó ń ki ìyá ọlọ́mọ, ó ní ẹ wo obìnrin tí Fàtímọ̀ àkọ́bí rẹ̀ ti sọ di ìyá àgbà. Àwọn èèyàn ń ṣe àmín. Ìyá Fàtímọ̀ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ tún òwú kan ṣe.

"Fàtímọ̀ kọ́ ni àkọ́bí mi," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ṣáájú rẹ̀."

Fàtímọ̀, tó gbé ọmọ dání lórí ẹní, yíjú wo ìyá rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ nìyẹn.